Inṣọ́ránsì Tó Máa Parí Lọ́jọ́ Ẹtì

Ọjọ́rú, oṣù Kejì, 2016. Redstone.

Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì mọ́tò kẹta kọ̀ wá lónìí, bẹ́ẹ̀ èyí tí a ní máa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Obìnrin tó gbé fóònù sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Sir, it's your credit," ìyẹn àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń san gbèsè. Mo ṣàlàyé pé olè ló fi orúkọ mi gba káàdì àwìn ní báńkì, tó ná an, tí kò san án. Ó ní òun gbà mí gbọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà òun ò gbà.

Ẹ̀gbọ́n tó bá wa wá basement, yàrá abẹ́ ilé tí à ń gbé, nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yìí ló ní kí n fi páásípọ̀ọ̀tù àti nọ́ńbà SIN mi, èyí tí ìjọba fi ń dá èèyàn mọ̀, ránṣẹ́ sí àwọn lórí WhatsApp. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi àgbà tó gbé ìrẹsì pàdé wa ní airport pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Bóyá àwọn ni, bóyá ẹlòmíràn ló rí i lórí fóònù wọn. Mi ò tíì lè bi wọ́n.

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ epo ti dá mi dúró, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìyàwó mi ń ṣe la fi ń jẹun. Kò sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé e dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, àfi mọ́tò wa.

"Dádì Tóbi, ẹ jẹ́ n máa wà á lọ bẹ́ẹ̀ láìsí inṣọ́ránsì."

"Tí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró ńkọ́?"

"Àwọn tí ò rí olè yín mú? Èmi ni wọ́n máa wá rí?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Broker kan, alágbàtà inṣọ́ránsì, sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣì kù tó lè gba ìwé tí ọlọ́pàá kọ fún wa nípa olè náà rò. Ó ní òun á pè kí aago márùn-ún tó lù. Aago mẹ́fà ti kọjá, kò tíì pè.