Ewúrẹ́ Tí Kò Gbọ̀n

Bàbá Lísísì,

Ẹ kú ilé o. Mo ti dé Délífì, níbi tí wọ́n ti ń bi òrìṣà léèrè, ara mi le.

Lórí ọ̀rọ̀ Lísísì ọmọ wa tí òkun kò tíì dá padà, àlùfáà da omi tútù sórí ewúrẹ́ tí mo mú wá, kò gbọ̀n. Bí ewúrẹ́ kò bá gbọ̀n, òrìṣà kò ní fọhùn.

Àlùfáà ní, “Ìyá, a máa ń tún un dà títí á fi gbọ̀n.”

Mo ní, “Ẹ kọ́kọ́ dà á sórí ara yín ná. Ẹ fi ẹran mi sílẹ̀.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ń fà á bọ̀ wá sílé, wàrà rẹ̀ á wúlò. Ẹ kí ìyàwó Lísísì, ẹ ní a kò gbọ́ ohun búburú kankan. Kó bá mi sá ibùsùn ọkọ rẹ̀ sóòrùn.

Èmi ni,
Mírítò