Ẹ̀gúsí Wà Lábẹ́ Àgbàdo

Ifọn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn Máàsì.

Moyinolúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó dúró ti bàbá rẹ títí wọ́n fi sùn kò ní fi ìwọ náà sílẹ̀. Àbúrò rẹ Ṣèyíọlá ní kí n kí ọ. Àwa náà wà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, ìwé ni mo sì kọ nítorí bí mo bá pè ọ́, ẹkún ni màá sun.

Ẹ̀gúsí bàbá rẹ ti kú.

O rántí agolo irúgbìn tí wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ṣà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ̀ ọ́ sọ́bẹ̀. Mo gbin gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àgbàdo, mi ò ṣẹ́ kù, kí oko wọn lè rí bó ṣe máa ń rí. Ó hù dáadáa. Koríko náà hù, ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra oògùn koríko.

Zulaihat ò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin tí kì í gbé oògùn fún èèyàn láìbéèrè pé, Màmá, kí ló wà lábẹ́ àgbàdo yín? Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn, mo máa ń ní ṣé ọlọ́pàá ni. Christopher tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ìbéèrè rẹ̀ ń dá ọjà dúró, pé orí fóònù ni wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn báyìí. Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó ń dáhùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kọ̀wé kí ẹni náà, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo sọ fún un pé bàbá rẹ ti kú, pé ẹ̀gúsí wà lábẹ́ àgbàdo mi. Mi ò tíì gbọ́wọ́ kúrò tó ti dáhùn, ó ní òun dúpẹ́, pé mo ṣe pàtàkì sí àwọn, kí n tẹ oókan bí mo bá fẹ́ oògùn àgbàdo. Mo ní ọmọ yìí mà níwà o. Mo tẹ oókan. Christopher gbé kẹ́gì tí wọ́n ya àgbàdo sí lára fún mi.

Ọjọ́ kẹta tí Ṣèyíọlá fín in, ewé ẹ̀gúsí pọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ó ti gbẹ mọ́lẹ̀. Àgbàdo dúró, bíi pé nǹkankan ò ṣẹlẹ̀. Mo tún kọ̀wé sí ẹni náà, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìwọ tí o ní iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn lò ń ṣe, o lè mọ̀ ọ́n. Fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́, mi ò bínú, bóyá kò rí àgbà kọ́ ọ níṣẹ́. Kó ṣáà máa bi èèyàn léèrè ohun tó wà lábẹ́ kó tó ní kí wọ́n tẹ oókan.

Lọ́dún tó kọjá, irú oògùn yìí gan-an ni bàbá rẹ fẹ́ rà tí Zulaihat fi dá wọn dúró. Wọ́n bu irúgbìn náà ẹ̀kún ọwọ́ méjì fún un, wọ́n ní kó lọ gbìn ín. Mo gbọ́ pé Òkèlúsè ni Zulaihat wà báyìí. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lọ wá a. Bó bá ti jẹ ẹ́, mi ò ní bá a jà, màá kàn kí i.

Ọlọ́run ò ní fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láìgbọ́ ohun tí o sọ.

Èmi ìyá rẹ,
Theresa