Ìràwọ̀ Kan Péré Ni Mo Ní Kí Wọ́n Fún Un

Ọmọ ọmọ mi tó wà nílùú ńlá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, àbí ojú fóònù lo ṣì ń tẹjú mọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ara mi le, àfi orúnkún tí ìwọ náà kò béèrè rẹ̀. Àǹtí rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ìwé tó kà tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Bàbá rẹ ti jíṣẹ́ tí o rán an. Ó ní áàpù tí o ṣe, èyí tí èèyàn fi ń wá ẹni tó máa bá a tún nǹkan tó bà jẹ́ ṣe, kò rí ẹni lò ó, àti pé ọ̀gá tó kówó sí i máa kówó rẹ̀ kúrò bí oṣù yìí bá parí tí nǹkan ò yí padà. O wá ní kí n ta ṣọ́ọ̀bù mi, kí o lè sanwó fún àwọn tí yóò máa yin áàpù náà lórí fóònù. Mo ní kí bàbá rẹ tún un sọ. Ó tún un sọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta garawa àti abọ́, tí mo fi rán bàbá rẹ níléèwé, òun lo fẹ́ kí n tà, kí a lè fi ra “ó dára, ó dára” wálé. O ṣeun o, ọlọ́gbọ́n.

Àmọ́ kí o má baà sọ pé mi ò gbìyànjú, mo fi owó tí o fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn dán ọ̀rọ̀ náà wò níbí. Mo pe káfíńtà, mo pe agẹrun, mo pe ìyàwó onílé, mo fún kálukú ní tiẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé fóònù jáde kí wọ́n máa yìn. Wọ́n mà yìn o! Káfíńtà ní látìgbà tí òun ti ń lò ó, ẹ̀yìn ò dun òun mọ́. Agẹrun ní ó mọ́ tónítóní, kì í sì í pariwo. Ìyàwó onílé kọ ọ́ pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò sí èyí tó ṣí i wò nínú wọn. Mo bi káfíńtà pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ wò ó, ó ní owó yíyìn ni mo san, mi ò san owó wíwò.

Ó wá ku ìràwọ̀. Fóònù ní kí wọ́n fún ọ ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún, àwọn aláìmoore yìí sì fẹ́ tẹ márùn-ún! Mo bọ́ sáàárín wọn. Mo ní ọmọ ọmọ mi ò ṣe ipò karùn-ún rí níléèwé, ṣé lẹ́yìn tí mo sanwó tán ló máa wá ṣe é? Mo ní ipò kìíní ni kí gbogbo wọn tẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, mo sì dúró lé wọn lórí títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Àǹtí rẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní márùn-ún ló dára jù. Mo ní òun tó ṣe ipò kejìlélógún, báwo ni kò ṣe ní fẹ́ràn nọ́ńbà ńlá? Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, pẹ̀lú gbogbo ìyìn yẹn, ẹnì kankan ò lò ó. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé èmi ni mo sanwó. Agẹrun ti yọ ọ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀ kí n tó délé, ó ní ó ń gba ààyè tí òun fi ń wo bọ́ọ̀lù. Káfíńtà wá bá mi lánàá, ó ní ìyìn tí mo sanwó rẹ̀ ti tán, pé òun ti ń yìn ín láwìn báyìí.

Aránbàtà tó wà níwájú ilé wa nìkan ni mi ò fún ní nǹkan kan, nítorí èmi pẹ̀lú ẹ̀ kì í kí ara wa. Òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ sínú áàpù náà. Obìnrin kan ti òdìkejì ìlú gbé bàtà tó ya lẹ́nu wá bá a, nígbà tó sì máa padà wá, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání pẹ̀lú odindi àpò bàtà. Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin yìí ò panu mọ́. Á ní áàpù náà lọ́ra, á ní ó máa ń sùn lọ bí ẹni tó jẹun yó, á ní ẹni tó ṣe é ò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó. Lẹ́yìn náà á wá ní àmọ́ ó mú oníbàárà wá. Mo lọ bá a. Mo ní kí ló dé tó ń yin nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ni? Ó ní ta ni òun yìn? Ó ní òun ń ráhùn ni, kí n jọ̀ọ́ sún kúrò níbi ìmọ́lẹ̀ òun. Ọkùnrin tí kò yin ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ rí! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Télọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀, ẹni tó ń tún rédíò ṣe náà ti fi sílẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ta ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ní kí aránbàtà gbé àpótí rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, kó lè máa ráhùn láàárọ̀ lálẹ́ níbi tí èrò ti ń kọjá. A ò tíì máa kí ara wa. Ìwọ lọ tún èyí tó ní ó lọ́ra yẹn ṣe, kí oṣù tó parí mọ́ ọ lórí.

Owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ rèé. Mo fẹ́ páànù tí a máa fi ṣe ìbòrí síwájú ṣọ́ọ̀bù kí òjò má lé aránbàtà lọ. Ìyókù, káfíńtà ni màá fún. Bó bá ti rí èrò lọ́dọ̀ aránbàtà, á sáré wá máa yin áàpù náà kí n lè rí i, àwọn èèyàn á wo ara wọn, wọ́n á sì yà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, ó ní owó dídákẹ́ ju owó yíyìn lọ. Tètè fi ránṣẹ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o sanwó kí èèyàn tó fẹ́ràn rẹ. Oníbàárà tó máa bú ọ lónìí tó sì máa padà wá lọ́la, Ọlọ́run á fi wọ́n kún ẹnu ọ̀nà rẹ.

Èmi ni, ìyá bàbá rẹ.