Kí-Ló-Fà-Á àti Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Ebi Ń Pa

Ọdún 1941 ni wọ́n bí màmá tí à ń dágbére fún yìí, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn tó ń tún aago ṣe. Aránṣọ ni ìyá tó bí wọn. Kí wọ́n tó mọ ABD ni wọ́n ti tú aago oníbàárà palẹ̀. Wọ́n tò ó padà, ìṣó kan ṣẹ́kù. Bàbá wọn kò nà wọ́n. Ó ní kí wọ́n lọ wá ilé ìṣó náà. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó fa ohun gbogbo, tí ìnagijẹ wọn sì di Kí-Ló-Fà-Á.

Lọ́dún 1948, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò bá mọ ìdáhùn kì í wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Lọ́dún 1963, wọ́n fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó pákó. Ọkọ̀ náà ti darúgbó kí ìyàwó tó wọlé, Àgbà ni wọ́n sì ń pè é.

Lọ́dún 1975 ni ọ̀rọ̀ Àgbà di ẹtì. Bó bá ti dúró ní oríta, á máa gbọ̀n, á tú èéfín dúdú, á sì kú. Ọkọ wọn ní, “Ebi ló ń pa á.” Ohun tí àwọn awakọ̀ ń wí nìyẹn bí ẹ́ńjìnnì kò bá lágbára. Nítorí náà, ní àràárọ̀ ni ó ń tú sukúrúù kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, kí epo lè pọ̀ sí i. Bí Àgbà ṣe ń jẹ tó ni ó ń kú tó. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ti wá wò ó. Bí wọ́n bá tà á, oúnjẹ ilé ni wọ́n tà.

Màmá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo wò. Ó dú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rín pa wọ́n.

“Bàbá àwọn ọmọ, ta ló ní ebi ń pa á? Ó ti yó kọjá ààlà! Èémí ni kò rí mí.”

Wọ́n ní kí ọkọ wọn tan ọkọ̀. Wọ́n dẹtí sí kabúrétọ̀, wọ́n ń de sukúrúù náà díẹ̀díẹ̀ kí epo lè dín kù, títí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe bí ẹni fẹ́ kú, wọ́n wá tú u padà díẹ̀. Ohùn Àgbà já gaara, èéfín sì dá. Ọkọ wọn bẹ̀ wọ́n pé, “Jọ̀ọ́, má sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi o.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun fúnra rẹ̀ ti rò ó fún gbogbo wọn. Oníirin lọ lọ́wọ́ òfo.

Láti ìgbà náà ni aṣọ àti kabúrétọ̀ ti jọ ń pín tábìlì kan ṣoṣo. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni màmá ń kọ́ àwọn awakọ̀ àdúgbò bí a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Àdúrà wọn pàápàá kún fún ìbéèrè. Wọ́n ní Ẹni tó dá ènìyàn ní ẹnu kò lè bínú sí i pé ó bèèrè.

Ọkọ wọn ṣáájú wọn lọ lọ́dún 2009. Nígbà tí àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀ lọ́dún 2024, àwọn ọmọ yí ibùsùn ká. Ṣíbí kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ebi ń pa màmá. Màmá rọra ti ṣíbí sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ tún ti dé. Kì í ṣe ebi. Mo ti yó. Ẹ ṣí fèrèsé fún mi.”

Wọ́n ṣí i. Ní ìsàlẹ̀, àkọ́bí wọn tan Àgbà. Màmá tẹ́tí, wọ́n mi orí pé ohùn rẹ̀ dára, wọ́n sì mí èémí ìkẹyìn. Ó dun àwọn ọmọ wọn gan-an.

Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àbúrò méjì àti Àgbà ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé.

Ẹ sùn re o, Kí-Ló-Fà-Á. Ẹni tó bá bèèrè kì í ṣìnà. Níbi tí ẹ lọ, kí ẹni tí ẹ bá bi léèrè má wo apá ibòmíràn.