Orin Bàbá Rẹ Lójú Kejì Àwo Náà

Yábàá, Èkó.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 1976.

Adéfúnmiláyọ̀, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gbà á ládùúrà kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ọ̀fun rẹ má sì gbẹ, nítorí òun ni o fi ń ṣiṣẹ́. Ara tèmi le. Orúnkún òsì ń dùn mí nígbà òjò, ojú mi sì ń fẹ́ dígí tuntun. Lẹ́yìn èyí, n kò ní ẹjọ́ kan láti rò.

Ó di ọdún méje tí n kò kọ̀wé sí ọ. Ìwé tí o gbà kẹ́yìn láti ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi. Tìrẹ ni, tí mo dá padà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó sídìí tábìlì lónìí. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí n tún fi ojú mi rí ọ lọ. Mo tètè kọ ọ́ síbí, kí n má baà fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ìwé bá ń parí lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń jẹun ọ̀sán. Ṣítù, ẹni tó ń ta pààtì mọ́tò ní Múṣin, ni ó háyà yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa. Ó ní rédíògíràmù kan tí kì í dákẹ́, èmi náà sì ní ọ̀pá kan tí mo fi ń kan ilẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ náà mo gbé ọ̀pá sókè, n kò lè kàn án. Orin bàbá rẹ ni mo gbọ́ láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi, ohùn rẹ ni ó sì ń kọ ọ́. Mo sọ̀kalẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Ṣítù ti pa ẹ̀rọ náà, ó ti dọ̀bálẹ̀: “Ẹ má bínú, Màmá Tíṣà! Mo ti pa á! Mo ti pa á pátápátá!” Mo ní, “Tún un fi sí i.” Ó wo Àṣàbí ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn fi ohùn kẹ́lẹ́ bi í pé, “Ṣé ara wọn dá ṣá?” Wọ́n gbé àga fún mi. N kò jókòó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí orin náà fi parí.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tìrìmísíyù tí ó ń ta àwo orin lẹ́bàá Tejúoṣó. Ó rí fìlà àti agbòòrùn mi, ó rò pé mo ṣìnà. Ó ní, “Màmá, orin ìsìn ò sí níbí o. Ẹ gba ọ̀ọ́kán yẹn, wọ́n ti ń ta ti Kérésìmesì.” Mo ní àwo Fúnmi ni mo wá rà. Ó pàtẹ́wọ́: “Háà! Ẹ̀yin náà wà lára wa! Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?” Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí. Mo gbé àwo náà sábẹ́ apá, mo sì rìn délé láìwo ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìwọ nìkan ni ó wà lára páálí rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo kà á lẹ́yìn páálí pé ẹ ti tú ká. O ti rù díẹ̀. Aṣọ tí o wọ̀ bo èjìká, mo dúpẹ́. Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀: orin àwọn ará Gánà, orin òyìnbó, orin tí àwọn àgbà jó sí kí a tó bí ọ. Mo kọ́kọ́ bi ara mi léèrè ìdí tí ẹni tí ó torí orin fi ilé sílẹ̀ yóò fi máa kọ orin olórin. Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, n kò béèrè mọ́. O gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ènìyàn ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ, o tọ́jú rẹ̀, o sì dá a padà ní mímọ́. Ìkẹta yá jù. O ń mí láàárín gbólóhùn nínú ìkarùn-ún. Ìkẹsàn-án, lójú kejì, ni ti bàbá rẹ.

N kò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ ni mo kó gírámafóònù rẹ̀ àti gbogbo àwo rẹ̀ lọ sí bàsá ìkórè. Mo sọ nígbà náà pé àyè ni mo ń fẹ́. Irọ́ ni. Mo gbà lọ́kàn mi pé àwọn ni wọ́n fà ọ́ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní ọdún kejì rẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àwo mi sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ṣítù. Nísinsìnyí mo ń jókòó. Ó ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ti sọ Màmá Tíṣà di oníjó.

Ó ṣeé ṣe kí o má mọ ìdí tí bàbá rẹ fi ń kọ orin náà bí ó ti ń kọ ọ́. Ẹsẹ mẹ́ta ni orin náà ní. Nínú ìkínní, ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dágbére fún aya rẹ̀. Nínú ìkejì, ó wà ní àjò, ó ń ka ọjọ́. Nínú ìkẹta ó padà dé, ó ń kan ilẹ̀kùn: “Ṣílẹ̀kùn fún mi, èmi ni mo dé.” Àpọ́n ni bàbá rẹ nígbà tí ó ra àwo náà ní Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni àpótí èrò kan ti ṣubú lu àwo náà, tí etí àwo náà fi kán níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Ẹsẹ kìíní lọ pátápátá. Àwọn méjì tí ó kù ni ó mọ̀ fún ọdún mẹ́rin. A ti ṣe ìgbéyàwó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì rélùwéè tó kọ́ bàbá rẹ ní ẹsẹ kìíní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ìparí ni ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Láràárọ̀, bí ó bá ń fá irùngbọ̀n, ọkùnrin náà yóò wà ní àjò, yóò padà sílé, yóò sì tún wọkọ̀ lọ.

Èmi kì í lè mú un mọ́ra. Mo máa ń wí pé, “Bàbá Fúnmi, ọkùnrin yìí mà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kí ló ṣe tí ẹ tún fi ń lé e lọ?” Yóò fi ọṣẹ lẹ́nu rẹ́rìn-ín: “Tíṣà, bí kò bá lọ, ta ni yóò dé lọ́la?” O kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdúró díẹ̀ tí ó máa ń ṣe láti fi abẹ sínú omi ṣáájú ẹsẹ ìkẹyìn, ìwọ náà dúró níbẹ̀, àwọn onífèrè rẹ sì dákẹ́ dè ọ́. Àwo tí etí rẹ̀ kán ti lọ sí bàsá. Kò sí ibi tí orin náà kù sí láyé, bí bàbá rẹ ti ń kọ ọ́, àfi ẹnu rẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, akọ̀wé kan nínú ìwé ìròyìn yìn ọ́ lórí orin mẹ́sàn-án, ó sì bú ọ lórí ọ̀kan. Ó ní o fi ìrù orin àwọn àgbà ṣe orí, pé kí o lọ kẹ́kọ̀ọ́ kí o tó máa kọ ohun tí o kò mọ̀. Arábìnrin Hilda mú ìwé ìròyìn náà wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá. Kò tí ì pẹ́ tí ó dé ìjọ wa, kò mọ ìtàn wa. Ó kà á sókè fún wa, ó mi orí: “Àwọn ọmọ ìwòyí! Orin tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà! Ó jọ pé kò níyàá nílé tí ì bá kọ́ ọ.” Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ìwé orin. Mo ní, “Ó ní ìyá. Èmi ni. Bí bàbá rẹ̀ ti ń kọ ọ́ ni ó kọ ọ́.” Hilda ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, Mà, tí ẹ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ò bímọ rí!” Ó tọ̀nà. Ethel, tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Ó ní, “Gertrude, ọdún mẹ́wàá rèé tá a ti ń retí kó o sọ ọ́.”

Láti ibẹ̀ mo lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Tìrìmísíyù. Mo sọ fún un pé mo purọ́ fún un lọ́jọ́sí, pé ọmọ mi ni Fúnmi. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, mo ti mọ̀ látọjọ́ náà! Imú yín kọ́ nìyí lára páálí? Ẹni tó bá rí imú yìí ò tún ní í bèèrè.” Òun ni ó júwe ilé rẹ ní Ìpọ̀nrí fún mi. N kò mọ̀ pé o súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìwé rẹ. Ojú ewé mẹ́fà ni. O kọ ọ́ ní ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, níbi tí mo ti kí ọ bí mo ti kí àwọn àlejò, tí mo ní kí wọ́n wá àga fún ọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́. Bí a bá fi ìwé síwájú mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo mú yíǹkì pupa, mo tún un ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ojú ewé kẹta, o béèrè bóyá o lè wá sílé fún Kérésìmesì. Mo fi àmì ìbéèrè tí o gbàgbé síbẹ̀. N kò dáhùn ìbéèrè náà. Mo kọ “Tún un kọ” sí ẹsẹ̀ ìwé, mo sì fi í ránṣẹ́ padà.

Gbà mí gbọ́, mo rò pé ìwọ yóò tún un kọ. Ẹni tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ fún máa ń gbé e padà wá. Mo ń wo ọ̀nà onílẹ́tà títí oṣù Kínní fi parí. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọmọ mi kì í ṣe ọmọ kíláàsì mi. Mo jẹ̀bi. Má ṣe bá mi wá àwáwí. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ ni “Bẹ́ẹ̀ ni”. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ethel ní kí n ránṣẹ́ pè ọ́, pé kò yẹ kí ìyá máa lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ. N kò gbà. Bí mo bá pè ọ́, ìwọ yóò wá nítorí pé a kọ́ ọ dáadáa. Èmi fẹ́ kí o ní àyè láti kọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi yóò wá sí Ìpọ̀nrí. N ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ṣí i, n ó wọlé. Bí o kò bá ṣí i, n ó padà sílé. N kò ní í bínú. N ó tún wá ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e.

Kí Ẹni tí ó fún ọ ní ohùn má ṣe gbà á padà. Kí àwọn tí ń gbọ́ ọ máa pọ̀ sí i. Ibi tí o bá sùn, kí ọkàn rẹ sùn síbẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ yóò sin mí, inú dídùn ni ìwọ yóò fi sin mí, kì í ṣe àbámọ̀.

Èmi ni ìyá tí ó bí ọ,
Gertrude Adùnọlá Abọ́dúndé.

Àfikún: Ó ti pẹ́ tí mo ti dé Ìpọ̀nrí kẹ́yìn, wọ́n ní ilé ti kún ibẹ̀. Igi fúrúùtù kan, wọ́n ní, ni ó wà níwájú ilé rẹ, òun ni n ó fi dá ilé náà mọ̀. Bí wọ́n bá ti gé e, jọ̀wọ́, dúró síta díẹ̀ kí n lè rí ọ.