Kí Lò Ń Gbọ́?

Bàbá mi tí mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín,

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún Màmá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ bó ṣe lọ.

Ojú òsì ti kú kí ẹ tó lọ. Ọ̀tún nìkan ló kù, awọ funfun sì ti bò ó débi pé kò dá ojú mi mọ̀ mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn òpópónà Adébáyọ̀, abẹ́rẹ́ mú ìrora kúrò, kò mú ẹ̀rù. Bí wọ́n ṣe da aṣọ bò ó lórí, ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì gbá irin ọwọ́ dókítà. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Dókítà sọ fún mi láì fi bò pé bó bá tún mira, ojú náà lè lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbà kí n wọlé kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, ó sì di ìka mi mú pinpin. Mo fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá. Ìbéèrè yín ló wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àrá bá ń sán tí mo sá wá sábẹ́ apá yín, ẹ kì í sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ẹ ó kàn bi mí pé kí lò ń gbọ́. Èmi á ní òjò lórí páànù. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Òórùn kẹrosíìnì. Mo bi yín nígbà kan bóyá etí lẹ ń béèrè ni tàbí imú. Ẹ ní Yorùbá kò pín in, kí n ṣáà máa gbọ́.

“Màmá, kí lẹ̀ ń gbọ́?”

Irin ti dé ojú rẹ̀.

“Omi tó ń kán.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Bàtà nọ́ọ̀sì. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀.” Ìka rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀. “Òórùn àlùbọ́sà. Dókítà yìí jẹ uṣu láàárọ̀.”

“Kí ló ń jẹ́ uṣu?” ni dókítà béèrè. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni.

“Iṣu ni, sà,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Màmá, ẹ má pa wá lẹ́rìn-ín o. Ojú yín ni ọwọ́ wa wà.”

Màmá kò rẹ́rìn-ín, kò mira. Ó ń sọ ohun tó ń gbọ́ lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí wọ́n fi ní ó ti parí.

Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì lọ́jọ́ kejì, ó wò mí, ó ní mo ti rù. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò béèrè rí: kí ni Bàbá rẹ gbọ́ kẹ́yìn?

Èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ yín ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí ẹ fi ayé sílẹ̀. Nígbà tí mímí yín yí padà, mo ní mò ń lọ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wà níbi ibùsùn kejì, Bàbá. Mo rí i kí n tó dìde.

N kò tíì dá Màmá lóhùn. Kí lẹ gbọ́? Ṣé ìró ẹsẹ̀ mi tó ń lọ ni? Bó bá jẹ́ òun ni, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi fọ ilẹ̀, mo gbọ́ rédíò ẹnìkan, mo sì gbọ́ yín títí ẹ fi dákẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò jìnnà.