Àtẹ̀ka Baálẹ̀ Lójú Láptọ́ọ̀pù

Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, 1998.

Sìkírátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Sùúrùlérè, mo sì kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé inú ilé yẹn. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun yó? Ọlọ́run tó mú ìyá rẹ wọ ilé ọkọ lẹ́ẹ̀kejì ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí ó wá ń sáré kiri bí ọmọ ọdún méjìdínlógún, kò ní fi tìrẹ falẹ̀. Yóò fún ọ ní ọkọ tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọbẹ̀ dùn. Àmín.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí wọ́n so yìgì èmi àti ọkọ mi. Jẹ́ kí n tún un kọ: ọkọ mi. Ó ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Bàbá Ṣàíbù káfíńtà gan-an ni, o ṣáà mọ̀ ọ́n, ìwọ lo gbé omi fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá bá mi tún ilẹ̀kùn ṣe, tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo gbà á lọ́jọ́ mẹ́rin. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, gbogbo wọn ló jọ bàbá wọn. Òjò kò tíì rọ̀, iná kò sì tíì dé.

Ohun tó mú mi jókòó ti ìwé yìí ni láptọ́ọ̀pù rẹ, èyí tí ọ́fíìsì yín fẹ́ dà nù, tí o gbé wá sọ́dọ̀ mi, tó kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́jọ́ yìgì, o ní tó bá di Iléyá o máa wá gbé e fún àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, má wá gbé e. Fara balẹ̀, kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Bàbá Ṣàíbù ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ẹ̀gbẹ́ Baálẹ̀ gan-an ni àga rẹ̀ wà, ipò yìí ló sì fi ń gbé àyà sókè láàárín ọkùnrin. Àmọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, Sìkírá, mo fẹ́ràn ọkọ mi o, n kò sì ní torí ẹ̀ purọ́: ó dà bí ìgbà tí adìẹ tẹ aró tó wá rìn kọjá lórí aṣọ funfun. Ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ń ka ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀, ó dé àárín, kò lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó wá ní ẹgbẹ́ pinnu pé ká dí gọ́tà, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ́ la ní ká gbẹ́ ẹ. Àwọn méjì kan tilẹ̀ ti dìde pé àwọn fẹ́ lọ gbé ṣọ́bìrì.

Ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, tó ní tapúráítà nílé, bá fò dìde. Ó ní ṣé akọ̀wé la yàn ni àbí awo. Ó ní tí òun ò bá rí ìwé ìpàdé tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí Bàbá Ṣàíbù gbé ìwé àti àga sílẹ̀ fún ẹni tó tó o ṣe. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi padà wálé, kò jẹun. Ọmọ mi, ọkọ tuntun kò jẹ ẹ̀fọ́ rírò mi!

Ni mo bá rántí pé èmi tí mo lọ sí mọ́dà sùkúù l'Ọ́tà, mo kọ́ títẹ tapúráítà, ọ̀gá wa sì máa ń yìn mí. Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa òkú láptọ́ọ̀pù rẹ jáde.

Ilé la ti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. A yọ bátìrì rẹ̀, a sá a sórí páànù bí a ṣe ń sá bátìrì rédíò, ọjọ́ méjì gbáko, òun àti ata gbígbẹ mi. Bàbá Ṣàíbù ní tí òun bá ti sá ti rédíò tán, òun a máa fi eyín tẹ̀ ẹ́ kí agbára tó kù nísàlẹ̀ lè gòkè. Ó fi eyín tẹ ti láptọ́ọ̀pù. Eyín iwájú rẹ̀ kan mì, bátìrì kò mì.

La bá gbé e lọ sí Ìkòtún lọ́dọ̀ Simeon, ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tú ikùn rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó kún àwo kan, aáyán mẹ́ta sì jáde, ojú tì mí bí ẹni tí àlejò ká mọ́ ilé tí kò tíì gbá. Ó ní bátìrì ti kú pátápátá, pé ta ló sì fi ata sí i. Ó tún ní ìrántí láptọ́ọ̀pù náà kò ju mẹ́rin lọ, kò lè gbé iṣẹ́ ìsinsìnyí, àfi kí òun sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún. Mo ní kó má rẹ́ wa jẹ, pé mo ti tọ́ ọmọ rí, ọmọ kì í ti kíláàsì mẹ́rin bọ́ sí kíláàsì mẹ́rìndínlógún lọ́sàn-án kan. Simeon rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan bí àfọ́kù òòyà, ó tì í bọ̀ ọ́ níkùn, ó ní ó ti wọ kíláàsì náà. Ó yọ ibi tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, tó ti ń dún gbìgbì, ó fi òmíràn sí i. Ó wá bátìrì àlòkù kan, ó ní ogún ìṣẹ́jú ló lè gbé, ká má sá a, ká má sì gé e jẹ. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, Sìkírá, ó kọrin! Ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Bàbá Ṣàíbù bọ́ fìlà, ó kí i kú àjíǹde ara. Ilẹ̀kùn tuntun ló kàn fún Simeon dípò owó, ọjọ́ kan péré ló sì gbà á, èyí tó jẹ́ kí n mọ ìdí tí tèmi fi gba mẹ́rin.

Ara jẹnẹrétọ̀ oníbúrẹ́dì la ti ń gba iná sí i. Ọkọ mi ń pe ọ̀rọ̀ ìpàdé, èmi ń tẹ̀ ẹ́, orí àga kan ṣoṣo làwa méjèèjì jókòó sí. Àga náà kò fẹ̀, a ò sì bẹ̀ ẹ́ kó fẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ìpàdé, mo fi gèlè yìgì mi wé e, a gbé e lọ sílé Baálẹ̀. Ọkọ mi ṣí i, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò kọsẹ̀ rárá. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ní ó dára, bébà ẹ̀ dà? A wo ara wa. Àwa rò pé tó bá tó àkókò, bébà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá Ṣàíbù rọra gbá a nídìí, kò yọ nǹkan kan. Ilésanmí ní òfin ẹgbẹ́ ni pé Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí ìwé ìpàdé kó tó dúró, èyí tí kò ṣeé tẹ̀ka sí, ìtàn lásán ni. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ti lọ nínú ogún tí bátìrì lè gbé, ọkọ mi sì ti ń wo àga rẹ̀ bí ẹni ń dágbére fún òkú.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé tàdáwà wá. Ó ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó ní ta ló ní kò ṣeé tẹ̀ka sí, ó sì tẹ̀ ẹ́ gbàgà mọ́ ojú dígí náà, ní ìsàlẹ̀ níbi tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó ní ìka òun kì í ṣe ẹrú bébà, ibi tó bá wù ú ló lè sùn sí. Ilé hó yèè! Bó ṣe gbé ọwọ́ kúrò ni iná lọ lójú láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n àtẹ̀ka kò lọ. Ọkọ mi jókòó padà. Ilésanmí ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Gbọ́ èyí tó tún wá yà mí lẹ́nu. A délé, mo tan án, mo ṣí ojú ìwé mìíràn tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, mo bá àtẹ̀ka Baálẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣí òmíràn, ó wà níbẹ̀. Sìkírá, ohunkóhun tí mo bá kọ, Baálẹ̀ ti fọwọ́ sí i! Mo rọra pa láptọ́ọ̀pù náà dé.

Obìnrin kan wà níbí, Fàúsátù, tó ń ta òkìrìká. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo dé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti gbé àga kan náà wá fún àtúnṣe. Mo ti jókòó lórí àga yẹn, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀sìn wa gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, n kò bá Ọlọ́run jiyàn. Àmọ́ lánàá, mo tẹ̀ ẹ́ sókè àtẹ̀ka náà pé: Nùrẹ́nì Sàlàkọ́ káfíńtà kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin kankan lé Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀, kódà bí gbogbo àga Ìjẹ̀gùn bá fọ́. Mo gbé e fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ṣe ìpàdé yìí. Mo ní ṣé kò mọ ìka Baálẹ̀ mọ́ ni? Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní bó bá jẹ́ pé bí àdúgbò ṣe pinnu nìyẹn, òun tí òun jẹ́ akọ̀wé kò lè rú u. Ó gbé àga Fàúsátù lérí, ó lọ dá a padà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù yìí ti kúrò ní tìrẹ, àti ìgbéyàwó ìyá rẹ àti gọ́tà àdúgbò, ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Tó o bá dé ní Iléyá, má fi aṣọ nù ún o, jọ̀ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni kí o wá owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra ẹ̀rọ tó ń pọ bébà jáde, kí ìwé náà lè jáde tòun ti àtẹ̀ka kí òógùn tó pa á rẹ́. Simeon ní àtẹ̀ka kò lè bá bébà jáde. Simeon kò tíì gbéyàwó, kí ló mọ̀?

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ayọ̀ rẹ kúrò lójú rẹ. Ibi tí o bá tẹ ọwọ́ sí, yóò dúró. Bàbá Ṣàíbù, ọkọ mi, ní kí n kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun,
Mọ̀dínátù Sàlàkọ́.